Òṣùwọ̀n àti Abọ́ Ẹ̀kọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Ní ayé ìgbà kan, nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó ewé gbẹ lórí igi, ọkàn àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà a máa dàrú. Àkókò náà ni àrùn èéyi máa ń jáde. Kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo ni í mú. Bí ó bá ti wọ agbo ilé kan báyìí, bí ẹni fi iná sí pápá gbígbẹ ni: gbogbo ọmọ tí kò bá tíì ṣe é rí ni yóò mú, láti orí ẹni tí ń rá dé orí ẹni tí ń sáré. Ara ọmọ yóò gbóná, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, ikọ́ yóò máa gbé e ṣánlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ yóò sú láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àwọn kan a dìde. Àwọn mìíràn a sì sùn láìjí mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín má tíì rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé a ti gún yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ẹ tó lè sọ̀rọ̀ já gaara. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ṣáájú abẹ́rẹ́ náà ni ẹ̀kọ́ kan ti wà, ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ọmọ, tí a kọ́ ní ìlú kékeré kan láàrin àwọn òkè, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n. Ìtàn ẹ̀kọ́ náà ni mo fẹ́ sọ.

Àjàkálẹ̀-àrùn àti ebi kì í jìnnà síra wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń parí lọ, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn inflúẹ́ńsà wọ Èkó, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e wọ àárín ilẹ̀. Kì í ṣe arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan ni ó mú lọ; ó pa àwọn géńdé ọkùnrin àti obìnrin púpọ̀ púpọ̀, àwọn gan-an tí ń roko tí ń kórè. Igbó bo oko, oúnjẹ sì wọ́n. Onímọ̀ ìtàn kan, Don Ohadike, kọ ọ́ ní 1981 pé lẹ́yìn àrùn yìí ni àwọn ará ìsàlẹ̀ Odò Ọya tẹra mọ́ gbígbin ẹ̀gẹ́, nítorí pé ẹ̀gẹ́ kò béèrè agbára púpọ̀ bí iṣu. Ọgbọ́n ni wọ́n dá, ọgbọ́n náà sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ́wọ́ ebi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ a máa kún inú ju bí ó ti ń mú ara dàgbà lọ. Àgbàlagbà tí ó ní ẹran àti ẹ̀fọ́ láti fi jẹ ẹ̀bà lè máà mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ ọdún méjì tí a ń fún ní òkèlè àti omi ọbẹ̀ lásán ni í jìyà rẹ̀, ìyà náà kì í sì í hàn títí di ọjọ́ tí àrùn mìíràn bá kan ilẹ̀kùn.

Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní àríwá-ìlà-oòrùn Iléṣà, láàrin àwọn òkè tí ó wà ní ẹnu ààlà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣàì mọ orúkọ náà. Ibẹ̀ ni a ti tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ogun Kírìjí ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, lẹ́yìn tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti kọjú ìjà síra wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Òkè-Ìmẹ̀sí kò jìnnà sí i, ìlú Fábùnmi akọni, ẹni tí a kì í gbàgbé nínú ìtàn bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ìlú méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà bá wọn níwájú, nínú ogun mìíràn tí kò ní ìbọn nínú.

Ní ọdún 1956, oníṣègùn ọmọdé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ilé ìwòsàn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá níbẹ̀ pọ̀ ju agbára ènìyàn lọ. Àwọn ìyá ń ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì jẹ́ pé kí a tó gbé wọn dé, ọwọ́ oògùn kò tó wọn mọ́. Ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí ó máa fi ṣíbí gbọ́n omi odò, kí odò má sì fà. Morley mọ̀ nípa ìwádìí tí James Spence àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti tọ àwọn ọmọ ẹgbẹ̀rún ìdílé tí a bí ní 1947 lẹ́sẹ̀ nínú ilé wọn, dípò kí wọ́n dúró dè wọ́n ní ilé ìwòsàn. Ó pinnu láti ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín. Láti 1957, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ tí a ń bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ ìbí títí wọn yóò fi pé ọdún márùn-ún. Lára àwọn tí ó ru ẹrù iṣẹ́ náà ni Margaret Woodland, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, tí òun àti Morley jọ kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1979.

Ẹni tí ó bá wọ ilé àwọn ọlọ́mọ ní ilẹ̀ wa nígbà náà kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Igbókọ̀yí. Orúkọ àbíkú ni gbogbo wọn. Orúkọ ẹ̀bẹ̀ ni, orúkọ ìbínú ni, orúkọ tí ẹni tí omijé ti gbẹ lójú rẹ̀ ń sọ ọmọ ni. Àwọn baba wa wí pé àbíkú sọ olóògùn dèké, wọn kò sì parọ́, nítorí pé olóògùn ń wá ibi tí àrùn náà kò sí. Nígbà tí a bá ti gbà pé àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ ní ọ̀run ni ó ń pè é padà, ta ni yóò tún béèrè ohun tí ọmọ náà jẹ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn? Lónìí a mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá. Ibà ni ó pa àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí èéyi àti àìjẹunrekánú jọ pa pọ̀ gan-an, ìwọ̀nyí sì ni ó ṣeé gbà là pẹ̀lú ohun tí ń bẹ ní ìdí ààrò ìyá wọn.

Ní ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, obìnrin oníṣègùn kan, Cicely Williams, ti kọ̀wé ní 1933 nípa àrùn kan tí ó ń mú àwọn ọmọ kéékèèké tí a fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ a wú, awọ ara rẹ̀ a máa bó, irun rẹ̀ a máa pọ́n, kò sì ní rẹ́rìn-ín mọ́. Ní 1935 ó pe àrùn náà ní orúkọ tí àwọn ará Gáà ń pè é, kwashiorkor, èyí tí ó túmọ̀ sí àrùn tí ń ṣe ẹ̀gbọ́n nígbà tí a bá bí àbúrò. Ẹ ro orúkọ náà wò. Kí oníṣègùn kankan tó dé ni àwọn ìyá Gáà ti rí i pé ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀ ni àrùn náà ń wá kiri. Wọ́n mọ ìgbà tí ó ń dé. Ohun tí ó kù ni kí a mọ ohun tí ó yẹ kí a fi sí ẹnu ọmọ náà dípò ọmú.

Báwo ni èéyi ṣe wá kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ? Ara tí ó ń gbóná a máa jẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ run, bí fìtílà tí a fa òwú rẹ̀ sókè tí ó ń fa epo kíákíá. Ní àkókò kan náà ni ẹnu ọmọ yóò bó, tí gbígbé itọ́ mì pàápàá yóò di ìjà. Inú rẹ̀ yóò máa ṣí. Ìwọ̀nba tí ó bá gbé mì, ìgbẹ́ gbuuru yóò gbé e jáde. Bí epo ti ń jó lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí òmíràn bù sí i. Ọmọ tí ó wọ inú èéyi pẹ̀lú ẹran lára yóò jáde ní tínrín. Èyí tí ó wọ̀ ọ́ ní tínrín, ó ṣòro kí ó jáde. Bí ó bá sì jáde, ìyọnu kò tíì tán, nítorí pé èéyi a máa sọ agbára tí ara fi ń bá àrùn mìíràn jà di aláìlera fún ìgbà pípẹ́. Àwọn oníṣègùn Iléṣà rí i nínú ìwé ìwọ̀n àwọn ọmọ pé ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ọmọ tó tún wúwo tó bí ó ti rí kí ara rẹ̀ tó sú. Láàrin ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni àrùn ẹ̀dọ̀fóró máa ń wọlé, tí ẹsẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìyá yóò wí pé èéyi ti lọ, pé àrùn mìíràn ni ó pa ọmọ òun. Kò mọ̀ pé ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn ni olè tòótọ́.

Ní àkókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń gba oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n gbà pé ẹran, ẹja àti ẹ̀wà yóò mú kí èéyi pọ̀ sí i. Omi ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n ń fún un, àti àgbo. Bí ọmọ bá kọ̀ ọ́, a ó tẹ́ ẹ sórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe abọ́ sí i lẹ́nu, a ó sì rọ ọ́ títí yóò fi gbé e mì tàbí kí ó gbà á sí ọ̀nà èémí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ìbẹ̀rù bá mú kì í rántí òwe. Ẹyin ńkọ́? Àwọn àgbà wí pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹ má kàn fi èyí rẹ́rìn-ín. Ní ilé tí adìyẹ mẹ́ta péré wà, ẹyin ni adìyẹ ọ̀la. Ọmọ tí ó bá mọ adùn rẹ̀ yóò máa lọ sí ìdí adìyẹ láìsí ẹni níbẹ̀, agbo ilé kò sì ní ní adìyẹ mọ́. Òfin ọrọ̀ ajé ni wọ́n fi aṣọ ìwà rere wọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu fún adìyẹ. Ọmọ ni ó san gbèsè rẹ̀.

Níbí yìí ni mo rò pé ìwà àwọn ará Ìmẹ̀sí-Ilé àti ti àwọn tí ó wá kọ́ wọn ti yẹ fún àkíyèsí. Ó rọrùn fún ẹni tí ó kàwé láti dúró níwájú àwọn ìyá kí ó sì máa ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn sí wọn lọ́rùn. Mo ti gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí àwọn ìyá ń ṣe ni pé wọn a kúnlẹ̀, wọn a wí pé “Ẹ ṣeun, sà”, wọn a sì lọ ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Morley kò gba ọ̀nà yìí. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó dára nínú àṣà tí ó bá nílẹ̀, ó sì rí i pé ó pọ̀. Obìnrin Yorùbá ìgbà náà a máa fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í padà sọ́dọ̀ ọkọ títí yóò fi já ọmọ náà, kí oyún mìíràn má bàa dé kí ẹsẹ̀ èyí tí ó wà nílẹ̀ tó ranlẹ̀. Kò sí oògùn tí ilé ìwòsàn lè fún ọmọ tí ó sàn ju àṣà yìí lọ. Àwọn oníṣègùn sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n sì rọ àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀làjú ti ń mú ojú wọn kúrò lára rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo pupa. Èéyi a máa jẹ èròjà tí ojú ń lò, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fítámínì A. Ní ilẹ̀ tí kò ti sí epo pupa, ọmọ púpọ̀ ni èéyi ti sọ di afọ́jú. Ohun tí ń mú epo wa pọ́n wà lára ohun tí ara fi ń ṣe èròjà náà. Ìyá tí ó ń da epo sí ẹ̀wà ọmọ kò mọ orúkọ fítámínì, ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a bá ti yin ènìyàn fún ohun tí ó mọ̀, etí rẹ̀ a máa ṣí sí ohun tí kò mọ̀.

Ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n dá sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ibi púpọ̀ nígbà náà, ibi tí a ti ń wo ọmọ aláìsàn yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ le, ìyá tí ó gbé ọmọ aláìsàn lọ sí ibi ìwọ̀n ni a ó sì lé lọ sí ibòmíràn. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìyá kan, ọmọ kan, nọ́ọ̀sì kan ni. Nọ́ọ̀sì kan náà ni yóò wọn ọmọ, tí yóò wo etí rẹ̀ tí ń ṣọyún, tí yóò fún un ní oògùn ibà, tí yóò sì béèrè ohun tí ó jẹ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó ti wo ikọ́ ọmọ sàn ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa ẹ̀wà yóò wọ etí ní oṣù yìí.

Ohun èlò tí ó sọ iṣẹ́ náà di olókìkí ni ìwé pélébé kan, tí a wá ń pè ní ìwé ọ̀nà ìlera. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣirò yóò gbádùn rẹ̀. A fa ilà méjì lórí ìwé náà bí bèbè ọ̀nà, tí ó ń gòkè láti òsì sí ọ̀tún. Àwọn oṣù ọjọ́ orí ọmọ wà ní ìsàlẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́. Ní oṣooṣù, a ó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, a ó sì fi àmì kan sí ibi tí oṣù àti ìwọ̀n rẹ̀ ti pàdé. Bí a bá so àwọn àmì náà pọ̀, ọ̀nà tí ọmọ náà ń tọ̀ yóò hàn. Bí ó bá ń gòkè láàrin ilà méjèèjì, kò sí ewu. Bí ó bá dúró ní ojú kan fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń ṣeré lójúde. Kókó ọ̀rọ̀ náà nìyí: ojú lásán kò lè rí i pé ọmọ kò dàgbà ní oṣù méjì, pàápàá ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí bákan náà. Òṣùwọ̀n rí i kí ẹsẹ̀ tó wú. Ó rí i kí èéyi tó dé.

Ohun tí ó ya àwọn oníṣègùn mìíràn lẹ́nu ni pé ọwọ́ ìyá ni a fi ìwé náà sí. A fi í sínú ọ̀rá kí omi má bàa bà á jẹ́, a sì ní kí ó gbé e lọ sílé. Àwọn kan wí pé obìnrin tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Ó hàn gbangba lẹ́yìn náà pé àwọn ìyá ń tọ́jú ìwé wọn ju bí àwọn akọ̀wé ilé ìwòsàn ti ń tọ́jú tiwọn lọ. Kò sì di ìgbà tí ènìyàn bá mọ A, B, D kí ó tó mọ̀ pé ilà tí ń gòkè dára ju ilà tí ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ oúnjẹ náà kò béèrè ohun tí kò sí ní ọjà wọn. Ògì tí a fi àgbàdo ṣe, tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́, ti fi ọ̀pọ̀ nínú èròjà tí ń mú ara dàgbà sílẹ̀ sínú èérí, èyí tí a ń dà fún ewúrẹ́. Nígbà tí a bá wá fi omi púpọ̀ sè é, inú ọmọ a kún kí ara rẹ̀ tó rí nǹkan gbà. Ọgbọ́n tí ó kù ni kí a fi ohun mìíràn kún un: ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ tí a sè tí a sì tẹ̀ kúnná, ẹ̀pà tí a yan tí a lọ̀, ẹja gbígbẹ tí a gún, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí ó rọ̀, ẹyin kan nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Kí a sì máa fún ọmọ tí èéyi bá mú ní díẹ̀ díẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, kí ọmú má sì kúrò lẹ́nu ẹni tí ó bá ṣì ń mu ún. Lẹ́yìn òmìnira, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oṣòdì fi ẹ̀wà sóyà kún ògì, wọ́n sì pè é ní Soy-Ogi. Ìlànà kan náà ni, ṣùgbọ́n ti Oṣòdì ń béèrè ẹ̀rọ àti owó. Ti ìdí ààrò ń béèrè ọlọ àti sùúrù.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀kọ́ nìkan ni ó tó. Ìyá lè mọ̀ pé ẹ̀wà dára kí ó má rí owó rà á. Ní ilẹ̀ kòkó, owó ọdún a máa wọ ọwọ́ bàbá ní ìgbà ìkórè, a sì máa bá páànù orí ilé àti owó ìwé lọ. Ìwọ̀nba èrè orí àtẹ ni obìnrin fi ń wá ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ tí a bá bá ìyá nìkan sọ, ìdajì rẹ̀ ni a sọ. Síwájú sí i, ìwádìí tí Peter Aaby ṣe ní Guinea-Bissau láti nǹkan bí 1979 fi hàn pé kì í ṣe àìjẹunrekánú nìkan ni ó ń mú kí èéyi le. Ọmọ tí ó kó o nínú ilé tí èrò pọ̀ sí, tí òun àti àwọn mìíràn jọ ń sùn lórí ẹní kan, a máa kú ju ẹni tí ó kó o lóde lọ. Ọ̀rọ̀ yàrá sísùn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ abọ́.

Abẹ́rẹ́ náà dé ní àkókò tí kò pẹ́. Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí John Enders ní Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣe àjẹsára èéyi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí èéyi kì í sábà pa ni wọ́n ti dán an wò lára wọn. Ní 1960 Samuel Katz, ọ̀kan nínú wọn, wá sí Nàìjíríà lọ́dọ̀ Morley, wọ́n sì fún àwọn ọmọ ní àdúgbò Iléṣà ní abẹ́rẹ́ náà. Àwọn ìyá tí ó gbà kí a gún ọmọ wọn ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gún ọmọ kan rí ní ilẹ̀ yìí, ìgboyà wọn kò kéré sí ti àwọn jagunjagun Kírìjí, bí a kò tilẹ̀ kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìtàn. Wọ́n ti rí èéyi lójúkojú, wọn kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ní 1963 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àjẹsára náà fún títà. Láti 1967 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gún un káàkiri Nàìjíríà pẹ̀lú ti ìgbóná.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ gbogbo ọdún wọ̀nyí já mọ́ nǹkan? Níhìn-ín ni a ti padà sí ìlú méjì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní 1966 àti 1967, oníṣègùn kan, Nicholas Cunningham, fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìlú méjèèjì jọra: òkè kan náà, oúnjẹ kan náà, iṣẹ́ oko kan náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìlú kan ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, èkejì kò ní. Iye àwọn ọmọ tí ó ń kú láàrin ọdún kan sí mẹ́rin ní Ìmẹ̀sí-Ilé kò tó ìdajì ti Òkè-Ìmẹ̀sí. Àwọn ìyá Òkè-Ìmẹ̀sí kò fẹ́ràn ọmọ wọn kéré sí ti àwọn aládùúgbò wọn. Ilé kan ni ó wà láàrin àwọn àti àwọn, àti òṣùwọ̀n kan, àti nọ́ọ̀sì tí ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀.

Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1961, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ó sì kú ní 2009. Ìwé ọ̀nà ìlera náà ti rin ìrìn àjò jù ú lọ. Kò pẹ́ tí a fi ń lò ó ní Éṣíà àti ní Amẹ́ríkà ti gúúsù. Ní orílẹ̀-èdè wa, Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní Gbájà ní Sùúrùlérè kí ó tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, sọ irú ìtọ́jú yìí di ìpìlẹ̀ ètò ìlera gbogbo ìjọba ìbílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 2020 ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Nígbà tí oṣù Kẹta ń parí lọ, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé e. Àrùn yìí kò ba àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jà bí èéyi. Ṣùgbọ́n ọjà tì, oúnjẹ wọ́n, ẹ̀rù ilé ìwòsàn ba àwọn ìyá, wọn kò sì gbé ọmọ lọ wọ̀n mọ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dá ètò abẹ́rẹ́ èéyi dúró ní ọdún náà. Àwọn tí ó mọ ìtàn Ìmẹ̀sí-Ilé mọ ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù: kì í ṣe Kòrónà nìkan, bí kò ṣe àwọn oṣù tí òṣùwọ̀n fi sinmi, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ọmọ ti dúró lójú kan. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ìyá tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀wà kún ògì kò nílò kí ilé ìwòsàn ṣí ilẹ̀kùn kí ó tó dá iná.

Bí ẹ bá ní ìyá àgbà tí ó bímọ ní ìgbà náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ṣì ní irú ìwé yẹn nínú àpótí. Bí ó bá ní i, ẹ wo ilà rẹ̀ dáadáa. Yóò máa gòkè ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nígbà tí ọmú nìkan tó. Yóò rọra tẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ bá dé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, ó lè jábọ́ lójijì, kí a sì rí i pé ẹnì kan fi gègé kọ “èéyi” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tọ ilà náà lọ láti ibẹ̀, ní oṣù kan sí òmíràn, kí ẹ wo iye oṣù tí ó gbà kí ó tó tún wọ inú ọ̀nà.